Kí O Tó Lé Onígbàjámọ̀ Kúrò Lábẹ́ Igi

Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀,
Wuse, Àbújá.

Ràfíù Àjàní, ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Awakọ̀ tí o fi rán kò tiẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó na ìwé náà sí mi láti ojú fèrèsé, ó ní, "Bàbá, ẹ gba tọmọ yín o," kí n sì tó dúpẹ́, eruku mọ́tò rẹ̀ nìkan ló kù. Mo jókòó sórí àga oníbàárà kà á, nítorí kò sẹ́ni tó ti jókòó sí i láti àárọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo tún un kà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ yọ̀ ná. Wolé-wolé! Háà, Àjàní! Ọmọ onígbàjámọ̀ ló wá di ẹni tí ń wọ káàkí, tí ń fi bírò há etí, tí àwọn olóúnjẹ bá rí i lókèèrè, wọn á sáré bo ìkòkò. Ìyá rẹ ìbá wà láyé, gbogbo àdúgbò ni ì bá ti gbọ́ ọ, kódà àwọn tí kò bi í. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Iṣẹ́ náà á tù ọ́ lára. Ìjọba kò ní í sọ ọ́ nù, ìwọ náà má sọ ara rẹ nù.

Wàyí o, ká bọ́ sórí ohun tí o bi mí. O ní ọ̀gá yín ní Kwali ti pàṣẹ pé kí ọjà tó ń bọ̀ yìí tó ná, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máa fárí lábẹ́ igi mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fárí, kó gba láísẹ́ńsì, kó sì ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá kọ̀, kí ẹ kó abẹ àti àpótí ìjókòó rẹ̀. O ní gbogbo wọn ló ti gbà, ó ku bàbá arúgbó kan lẹ́yìn ọjà, Hausa tó ń sọ Yorùbá bí ọmọ Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní Màlámù Tánkò. O ní o bá a sọ̀rọ̀ títí, ó ní òun kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ òun sínú ìwé, òun kò sì ní í wọ ṣọ́ọ̀bù kankan láéláé. O ní, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, kí ni kí n ṣe fún un? Mi ò fẹ́ kó irinṣẹ́ bàbá àgbàlagbà."

Àjàní, mo mọ bàbá náà. Mo sì mọ ohun tó mú kó kọ̀. Èmi ni mo fà á.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé n kò sọ ọ́ fún ọ rí. Ọ̀rọ̀ tó bá dun àgbà, ó máa ń gbé e mì bí oògùn kíkorò ni. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti délé, ìwọ ni wọ́n sì fi abẹ lé lọ́wọ́. N ó dáhùn ìbéèrè rẹ, kò kàn lè jẹ́ ní ṣókí ni. N ó to ìmọ̀ràn mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀yin ọmọ sùkúù ṣe ń ṣe. Bí mo bá ṣi nọ́ḿbà kà, fojú fò ó.

Èkíní. Kọ́ iṣẹ́ rẹ tán kí o tó máa fi í pàṣẹ fún ẹlòmíràn. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. O mọ̀ pé onígbàjámọ̀ ni bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti ń kọ́ṣẹ́. Bàbá yẹn le! Kò ní í jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan orí ènìyàn títí yóò fi fá irun ara awọ ewúrẹ́ láìgé awọ. Èmi rí àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń ti ìlú òkè bọ̀, tí wọ́n gbé rédíò kọ́ èjìká, ojú mi kò gbélé mọ́. Mo ní, kí ló tún kù nínú fífárí? Abẹ rèé, orí rèé. Mo ká aṣọ mi láìgba ìyọ̀ǹda, mo lọ. Mo dé Ìlọrin, mo dé Kàdúná, ibi tí mo bá dé ni mo ti ń pe ara mi ní ọ̀gá. Nígbà tí a gbọ́ pé ìjọba ń kọ́ olú-ìlú tuntun, pé àwọn lébìrà ibẹ̀ pọ̀ bí eṣú, èmi náà di igbá mi, ó di Àbújá.

Ibi tí ṣọ́ọ̀bù yìí wà lónìí, igi irúgbá ńlá kan ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Kò sí títì, kò sí báńkì. Ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ ni apá ọ̀tún, eruku pupa ni apá òsì. Màlámù Tánkò ni mo bá lábẹ́ igi náà. Wánsáàmì ni, orúkọ tí àwọn Hausa ń pe onígbàjámọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n Sábó Ìbàdàn ló dàgbà sí. Mo rò pé yóò lé mi ni. Ẹni tó nibùjókòó, tí ẹlòmíràn wá gbé àpótí tì í, ṣé kò ní í bínú? Mo kí i. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Sànnu, ọmọ Ìsẹ́yìn." Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Ó ní bí mo ṣe sọ̀rọ̀ ló tú mi fó. Ló bá fa ẹní rẹ̀ sẹ́yìn, ó fún mi ní ìdajì òjìji.

Oníbàárà mi àkọ́kọ́, mo gé e. Mo gé e dáadáa, Àjàní, n kò ní í purọ́ fún ọ. Bíríkìlà kan ni, ará Ẹdẹ, orí rẹ̀ gún ṣóńṣó lẹ́yìn, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí abẹ gba ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ọkùnrin náà fò dìde, ó ní òun á fọ́ ojú mi. Àwọn èrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ. Màlámù dìde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fi álọ́ọ̀mù, òkúta funfun tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tẹ ojú ibẹ̀, ó ní, "Ọmọ ìyá mi, má bínú sí i. Abẹ mi ló lò, èmi ni n kò pọ́n ọn dáadáa." Irọ́ ni! Abẹ tèmi ni. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti jí i gbé. Ó gba abẹ lọ́wọ́ mi níṣojú gbogbo wọn, ó fá orí náà tán, ó sì ní kí bíríkìlà san owó rẹ̀ fún mi.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kọ́ mi. Kò pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá, kò sì pè mí ní ọmọṣẹ́. Bí mo bá fẹ́ ṣìṣe, á wúkọ́, màá sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ti ń wúwo. Òun ló kọ́ mi kí n fi omi rin irun kí n sì ní sùúrù kó mu ún, kí n fi àtàǹpàkò òsì na awọ orí kí abẹ tó kọjá. Ohun tí mo sá fún lọ́wọ́ bàbá tó bí mi, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bí mi ni mo ti kọ́ ọ tán.

Ọmọ mi, inú mi dùn lábẹ́ igi yẹn. Òjìji a máa yí, àwa náà a máa yí tẹ̀ lé e, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, a ti ká igi náà po. Àwọn tó fẹ́ fárí wà níbẹ̀, àwọn tí kò fẹ́ fárí náà wà níbẹ̀. Ará Kàbbà ń bá ará Ìkirè jiyàn lórí iṣu ìlú ta ló dùn jù. Ẹni tí ìwé dé bá láti ilé a gbé e wá kí n bá a kà á, bó bá jẹ́ ìwé ọ̀fọ̀, gbogbo wa la ó jọ sunkún ẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, kí a tó lọ kírun, màá fá orí Màlámù, Màlámù á fá orí mi. Onígbàjámọ̀ kì í fárí ara rẹ̀, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti lọ, n kò tíì rí ẹni tí mo lè tẹ orí ba fún tọkàntọkàn. Mo máa ń jẹ́ kí irun náà hù ni, tó bá ti ń yún mi, mo máa ń lọ bá àwọn ọmọdé oníkílípà kan lẹ́yìn báńkì, wọn kì í tilẹ̀ kí mi.

Èkejì. Má rò pé mo ń bú òfin tí o ń ṣiṣẹ́ fún. Òfin kì í ṣe ọ̀tá wa. Lábẹ́ igi yẹn, abọ́ omi kan ṣoṣo la fi ń ṣan abẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Lébìrà kan wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú làpálàpá lórí, a fá a, a ṣan abẹ, a pe ẹni tó kàn. Kí oṣù tó yí po, ìdajì ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ ló ń họra. Nítorí náà, nígbà tí àwọn wolé-wolé dé, tí wọ́n ní ká máa se omi, ká máa fi sípírítì nu abẹ, òótọ́ ni wọ́n sọ. Títí di òní ni mo ń se omi mi. Bí o bá ń kọ́ ẹnikẹ́ni ní Kwali pé kó se omi, má fojú sílẹ̀, kí o tẹpẹlẹ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n kò dúró lórí omi. Ìwé òfin tí wọ́n mú wá ní ilẹ̀ gbọdọ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì. Ó ní dígí tó fẹ̀ gbọdọ̀ wà lára ògiri. Àga ẹlẹ́yìn, ìlẹ̀kùn, pátákó orúkọ níta. Ó ní ẹni tí kò bá wá fárí kò gbọdọ̀ dúró yí ibẹ̀ ká. Ó wá ní ojúkò kan, láísẹ́ńsì kan, orúkọ kan. N kò mọ ẹni tó kọ ọ́, mo kàn mọ̀ pé kò bi onígbàjámọ̀ kankan léèrè. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Kí n tó sì fi òwe yẹn na ẹlòmíràn, ó yẹ kí n kọ́kọ́ fi na ara mi.

A fẹnu kò pé kí ẹnì kan lọ sí ọ́fíìsì, kí ẹnì kejì máa ṣọ́ abẹ́ igi. Màlámù ní kí n lọ, nítorí èmi ni mo mọ̀wé. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ béèrè pé orúkọ ta ni kí òun kọ. Mo ní àwa méjì ni. Ó ní, "Bàbá, orúkọ kan ni àyè ibẹ̀ gbà. Ẹ yára, èrò wà lẹ́yìn yín." Ṣé o rí ibi tí ó ti yẹ kí n padà sílé? Kí n bi olórí kí n tó fárí? Èrò ń tì mí lẹ́yìn, oòrùn ń pa mí, mo ní ìwé lásán náà ni, kí ni orúkọ láàárín ọ̀rẹ́? Mo pe orúkọ ara mi. Nígbà tí mo padà dé abẹ́ igi, Màlámù ní, "Ó ti parí?" Mo ní, "Ó ti parí." Ó ní, "Yauwa," ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. N kò sọ pé orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé màá sọ ọ́ lọ́la.

A jọ kọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí ni. Màlámù ló ru yanrìn, èmi ni mo po sìmẹ́ńtì. Wọ́n ní igi á ba páànù jẹ́, a gé e. Nígbà tí a gbé dígí kọ́, a rò pé àwọn ènìyàn á yọ̀. Kàì! Lébìrà kan wọlé, ó jókòó, ó rí ara rẹ̀. Ìgbà wo ló ti rí ojú ara rẹ̀ gbẹ̀yìn? Ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní, "Ṣé bí mo ṣe wá rí rèé?" Ó fárí tán, ó lọ, n kò rí i mọ́. Àwọn tí bàtà wọn kún fún ẹrẹ̀ kò fẹ́ tẹ sìmẹ́ńtì. Àwọn tí kò fẹ́ fárí kò rí ìdí tí wọ́n á fi wọlé, òfin sì ní wọn kò gbọdọ̀ dúró níta. Bẹ́ẹ̀ ni àríyànjiyàn iṣu ṣe parí. A ní ìwé, a ní òrùlé, a wá ń wo ara wa nínú dígí, èmi àti Màlámù.

Èwo ló kàn? Ẹ̀kẹta. Èyí ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù.

Wolé-wolé wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Má bínú sí i o, ọmọ dáadáa ni, káàkí rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó kí wa kó tó wọlé. Ó wo omi gbígbóná wa, ó yìn wá. Ó wo ilẹ̀, ó yìn wá. Ó wá wo ìwé tó wà lára ògiri, ó wo èmi tí mo ń pọ́n abẹ, ó wo Màlámù tó ń fá orí bíríkìlà ará Ẹdẹ, ọkùnrin tí mo gé lọ́jọ́sí, tó ti wá di ènìyàn wa. Ó ní, "Orúkọ kan ni mo rí, onígbàjámọ̀ méjì ni mo rí. Ta ni bàbá yìí?" Kí n tó lanu, ó ti ń wá ọ̀nà àbáyọ fún mi. Ó ní bó bá jẹ́ àlejò ni, òun gbọdọ̀ lé e, òun á sì ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọmọṣẹ́ mi ni, òfin gbà á láyè, kò sí wàhálà. Ó gbé bírò sókè, ó ń dúró.

Àjàní, mo ní, "Ọmọṣẹ́ mi ni."

Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé wolé-wolé ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó tẹ orí ba fún Màlámù padà. Màlámù kò wò mí. Ó fá orí náà dé ìparí, ó nu ún, ó fi òróró pa á. Ó fọ abẹ rẹ̀, ó fi aṣọ wé e, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ apá. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ó dàbọ̀ o, ọ̀gá mi." Kò fi bú mi, Àjàní. Bí ọmọṣẹ́ ṣe ń kí ọ̀gá ló ṣe kí mi. Inú ìyẹn ni gbogbo ìyà náà wà.

Ìbá ṣe pé mo sáré tẹ̀ lé e! Wolé-wolé ṣì ń kọ̀wé, ó ní kí n wá fọwọ́ sí i. Èmi dúró fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo jáde, ojú pópó ti dá. Mo wá a dé Gárkí, mo wá a dé Gwagwalada. Ẹnì kan ní òun rí i ní Zuba. Mo dé Zuba, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo bi ara mi pé kí ni mo fẹ́ sọ bí mo bá rí i. Mo wọ mọ́tò, mo padà sílé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìtìjú ló dá mi padà, àfi ìwọ báyìí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń sọ fún ọ ni pé bí àyè inú ìwé bá kéré ju ènìyàn lọ, ìwé ni kí o wá àyè kún. Padà sí ọ́fíìsì. Béèrè. Bí ọ̀gá rẹ bá bínú, á rọ̀. Kò sí ohun tí ń jẹ́ kíá nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹni ẹlẹ́ni. Má sì fi àánú fún ènìyàn ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ kí ìwé lè gún régé. Ọmọkùnrin yẹn ṣàánú wa ni, àánú rẹ̀ ló sì tú wa ká.

Àwọn tó kù, n ó sọ wọ́n wéréwéré, ọwọ́ ti ń ro mí. Kí ènìyàn kí o tó béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Kí onídìrí ní ojú gbooro, kí aláró ní àrẹ̀dú, kí àwọn tó ń mọ ìkòkò ní Kwali yẹn ní èdè tiwọn, kọ́ ọ lẹ́nu wọn. Má ṣe gba ẹyin lọ́wọ́ ẹni tí o fẹ́ yẹ ilé rẹ̀ wò, bó ti wù kí ẹyin náà tóbi tó. Bó bá jẹ́ pé ebi ló ń pa ọ́, ra tirẹ̀ lọ́jà. Fọ káàkí rẹ fúnra rẹ. Má sì dá jẹun, mo bẹ̀ ọ́. O ní ilé tí wọ́n fún ọ ní yàrá méjì, o ní ó pọ̀ jù fún ọ. Ó pọ̀ jù lóòótọ́. Wá ẹni tí ẹ ó jọ máa jẹun, bí ó ṣe ọ̀rẹ́, bí ó ṣe aya.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá se oúnjẹ tí mo sì ń dá a jẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́ Wuse ti kó lọ, àwọn ará ọ́fíìsì tó dé kò fẹ́ abẹ, kílípà ni wọ́n fẹ́. Lọ́dọọdún ni mò ń lọ tún láísẹ́ńsì náà gbà. Wọ́n á lù ú ní òǹtẹ̀, màá gbé e kọ́, màá jókòó sábẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, mo máa ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà lọ sí mọ́ṣáláṣí ṣáájú àkókò kìkì kí n lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Àdáwà ń pa mí, ọmọ mi. N kò ní í fi bò fún ọ.

Ó wá ku ìdáhùn. N kò ní kí o tẹ òfin mọ́lẹ̀ nítorí mi, n kò sì ní kí o fojú fo Màlámù. Bí o bá fojú fò ó lónìí, ẹlòmíràn á kó abẹ rẹ̀ lọ́la. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí.

Lọ bá a kí ọjọ́ ọjà tó pé. Bọ́ káàkí sílẹ̀, wọ bùbá. Má gbé ìwé lọ́wọ́. Jókòó sórí àpótí rẹ̀, tẹ orí ba, kó fá orí rẹ. Orí tó bá wà lábẹ́ abẹ kò lè pàṣẹ, etí nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bó bá bá ọ sọ̀rọ̀, gbọ́. Bó bá dákẹ́, ìwọ náà dákẹ́. Nígbà tó bá fá a tán, san owó rẹ̀, kí o wá ka òfin náà fún un, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Bi í léèrè bí ó bá fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i. Bó bá gbà, orúkọ tirẹ̀ nìkan ni kí o kọ, kó rí ọ bí o ti ń kọ ọ́, kí o sì kà á sí i létí. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló ń já a láyà, òfin kò sọ pé kó má kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ igi. Sọ fún un pé ẹnì kan wà ní Wuse tó mọ bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ńtì, á sì wá pò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá ní òun kò fẹ́ rí onítọ̀hún sójú, má bẹ̀ ẹ́. Wá páànù ra fún un, kọ̀wé sí mi, n ó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, n ó sì jókòó síbi tí mo wà.

Á bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Kò sí bí kò ṣe ní í bi ọ́, àgbà ni. Má kọ́kọ́ pe orúkọ mi. Ìwọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbẹ̀, níwájú gbogbo ọjà, kí o sì gbóhùn sókè kí àwọn tó ń kọjá lè gbọ́. Kí o ní, "Bàbá, ọmọ ọmọṣẹ́ yín ni mí. Lásísì ní kí n bá òun kí ọ̀gá òun."

Èmi ni,
Lásísì, bàbá rẹ.